Iṣu Ń Mí: Sí Múínátù, Kí Ó Tó Ka Èsì Wa sí Bọ́jẹ́ẹ̀tì

Ilé wa, ẹ̀yìn Ìpàtá,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Àtìní.

Múínátù, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n la ọjà já,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n má ra oògùn kankan wá. Èyí tí o rà lọ́jọ́sí ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, n kò sì ní lò ó.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà sí ọ, nígbà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ á gbé mi dé ilé rẹ ní GRA kí n tó yí tẹ̀súbà mi ká tán. Bí mo bá sọ ọ́ lójú-kojú, o ó já lu ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o ó ní, "Ìyá, ẹ dúró ná, ẹnìkan ń pè mí." Lẹ́tà kò ṣeé já lù. Ilé kéú ni mo kọ́kọ́ lọ, n kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti wá kọ́ A, B, D, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ti wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń kọ èyí. Bí o bá rí àmì tó ṣìnà, bá mi gbé e padà sáyè rẹ̀, kí o má sì fi mí rẹ́rìn-ín níwájú ọkọ rẹ.

Ní Jímọ́ tí o wá kí mi, o bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì fi ìbínú dá ọ lóhùn. O ní, "Ìyá, Alhájì alága ní kí n yọ ọ̀rọ̀ iṣu kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́. Àlàmísì ni mo máa kà á níwájú àwọn aṣojú ìjọba láti Àbújá. Kí ni kí n ṣe?" Mo ní, "Ìwọ lo kàwé, èmi kọ́." O gbé báàgì rẹ, o lọ. O kò mu omi tí mo bù fún ọ.

Kì í ṣe pé n kò mọ èsì. Èsì náà ló wúwo lẹ́nu mi. Ohun kan wà tí mo ṣe kí n tó bí ọ, tí n kò sọ fún ọ rí. Màá sọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní gbọ̀ngán ẹgbẹ́, nítorí láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sùn dáadáa, kì í sì í ṣe nítorí orúnkún.

Oṣù kan kò tíì pé tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣòwò tí o fi kó gbogbo wa jọ, àwa oníṣu, àwọn alágbàdo, àwọn aláṣọ, àwọn tí ń ta páànù. O gbé ìwé kan sórí tábìlì. Ó nípọn tó ìrọ̀rí. O ní bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ni, pé gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè yìí fẹ́ fi ọdún kan ṣe ló wà nínú rẹ̀, pé ẹgbẹ́ wa sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì sí i, kí a sọ èyí tó dára, kí a sọ èyí tó kù.

Múínátù, ẹnu mi là, n kò tíì pa á dé. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí rédíò. Mo rò pé ariwo lásán ni, bíi ti àwọn tí ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. N kò mọ̀ pé ó ní ara, pé èèyàn lè fọwọ́ kàn án. Mo dìde, mo sì fọwọ́ kàn án. O rí mi. Ìyá Sùlé pariwo láti àárín àwọn oníṣu, ó ní, "Ráfátù, ṣé o fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti rà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń rò ó pé nínú ìwé tí ọmọ tèmi fi apá kan gbé wọlé yìí, afárá wà níbẹ̀ tí n kò ní gùn láéláé. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ fún ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Kànga wà níbẹ̀ fún obìnrin kan ní òkè Háúsá lọ́hùn-ún tí òun àti èmi kò gbọ́ èdè ara wa, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kan náà ló ń gbẹ wá. Ẹnìkan jókòó, ó rántí gbogbo wọn, ó kọ wọ́n sílẹ̀ ní ìlà ìlà. Sùbùhánálláhì! Ẹlẹ́ran ara ló ṣe é o, èèyàn tí ń jẹun, tí ń sun oorun. Ọ̀wọ̀ ìjọba wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà bí òtútù ọyẹ́.

O wá ṣí i, o ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. O dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn yóò kọ́ ilé onírin ńlá tí a ó máa kó oúnjẹ pamọ́ sí kí ó má bàa bàjẹ́. Àwọn alágbàdo pàtẹ́wọ́. Mo bi ọ́ pé, "Iṣu ńkọ́?" O fi ìka tọ ìlà yẹn, o tọ ìlà tó tẹ̀lé e, o ṣí ojú ewé méjì síwájú, o padà sẹ́yìn. O ní, "Ìyá, àgbàdo wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀, ọkà bàbà wà níbẹ̀. Iṣu ò sí."

Mo ní, "Wọn ò lè kó iṣu sínú irin tí wọ́n dé pa. Iṣu kì í ṣe ohun oníhóró. Iṣu ń mí. Bí o bá dé e pa, á làágùn, bí ó bá sì ti làágùn, ó ti rà nìyẹn. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló fẹ́, lábẹ́ òrùlé, lórí àtẹ́ tó ga kúrò nílẹ̀."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni o ń kọ ọ́. O wá kà á padà ní Òyìnbó. N kò gbọ́ ju orúkọ iṣu lọ, àmọ́ mo mọ̀ pé tèmi ni. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Ráfátù oníṣu jáde ń lọ bá ìwé ńlá yẹn jókòó, wọn yóò jọ fojú kan ara wọn. Nígbà tí mo délé, n kò fọwọ́ kan iyán, o sì mọ̀ pé èmi kì í kọ iyán.

Ìdí nìyí tí ohun tí o bi mí ní Jímọ́ fi gún mi. Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Oyún rẹ wà nínú mi lọ́dún náà. Gọ́tà kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ wa tó ti dí. Bí òjò bá rọ̀, omi á ya wọ abẹ́ iṣu. Ọ̀gá ìjọba kan wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ nílé olórí ọjà láti gbọ́ tẹnu wa. Àwọn oníṣu ní èmi ni kí n gba ẹnu wọn sọ ọ́, nítorí ohùn mi ròkè, n kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Èmi náà gbà. Mo mọ̀ pé ẹnu mi dùn. Mo ró aṣọ tí wọ́n fi gbé mi níyàwó.

Mo wọlé, mo rí rọ́ọ̀gì, mo rí fáànù tí ń yí lókè, mo rí ọkùnrin náà nínú bàbáńrìgà funfun báláú. Mo kúnlẹ̀. O mọ bí àwa ará Ìlọrin ṣe ń kíni. Mo kí i kú ìrìn. Mo kí i kú iṣẹ́ ìlú. Mo kí dírẹ́bà rẹ̀. Mo béèrè ìyá rẹ̀, mo béèrè àwọn ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ n kò mọ iye tí wọ́n jẹ́. Mo wá bọ́ sórí àdúà. Mo ṣe é fún un, mo ṣe é fún àwọn ọmọ rẹ̀, mo ṣe é fún baba rẹ̀ tó ti lọ sọ́run. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín, àmín náà ń dún, orí mi ń wú. Bí wọ́n ti ń ṣe àmín sí i ni èmi náà ń fi kún un. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé bí mo bá parí èyí, màá kan gọ́tà.

Ààfáà tó jókòó ti ọ̀gá náà rò pé mo ti sọ tẹnu mi tán. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Fátíhà!"

Gbogbo ilé gbé ọwọ́ sókè. Èmi náà gbé tèmi. Kí ni n bá ṣe? A kà á tán, a fọwọ́ ra ojú. O kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ṣe Fátíhà ní ìpàdé nílùú yìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún lanu lẹ́yìn rẹ̀, a ó wò ó bí ẹni tó ń da àdúà nù. Ọ̀gá dìde. Ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti gba òun lálejò tó báyìí rí. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ìyá Sùlé fa ìró mi lẹ́yìn. "Ráfátù, gọ́tà ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti ṣe Fátíhà."

Ó ní, "Ta ló rán ọ pé kí o máa kí dírẹ́bà?"

Òjò ọdún náà kò lójú àánú. Omi wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi rí díẹ̀ yọ, nítorí òkè díẹ̀ ni ìsọ̀ mi wà. Gbogbo iṣu Ìyá Sùlé rà pátápátá, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí oníbàárà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ó palẹ̀ mọ́, ó padà sí Òkè-Oyì, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, ó ń sun àgbàdo tà lójú títì fún ọdún púpọ̀ kí ó tó tún dé Ìpàtá. Kò bá mi jà rárá. Bó bá bá mi jà ni, ìbá sàn. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, ó gbé iṣu kan ṣoṣo wá, ó dì í sínú gèlè. Ó ní iṣu náà nìkan ló yè nínú tòun.

Iṣu yẹn ni mo fi gún iyán àkọ́kọ́ tí mo jẹ lẹ́yìn ìbí rẹ. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń yìn mí pé ẹnu mi dùn lọ́dọ̀ ọ̀gá. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ń gba ọ̀fun mi kọjá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́: má jẹ́ kí ìkíni jẹ ọ̀rọ̀ run. Bọ̀wọ̀ fún wọn, ọ̀wọ̀ tọ́ sí wọn. Ẹni tó lè rántí kànga obìnrin tí kò rí rí, ó yẹ kí a forí balẹ̀ fún làákàyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n, Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún la ń sọ òótọ́ fún. Ẹni tí a kò kà sí la ń yìn kí ó tètè máa lọ. Alhájì ti to ojú ewé ìdúpẹ́ méjì sí iwájú ìwé yín, mo gbọ́. Gbé e sẹ́yìn. Kí iṣu kọ́kọ́ wọlé, kí ọpẹ́ máa tẹ̀lé e.

Èkejì. Nígbà tí n kò rí gọ́tà ṣe pẹ̀lú ìkíni, mo ní màá fi ìbínú ṣe é. Lọ́dún kejì, mo gbé ọ sẹ́yìn, mo wọ ọ́fíìsì kan lọ ní GRA. Mo bá ọkùnrin kékeré kan nídìí tábìlì. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Mo ní, "Màmá ta ni? Ṣé mo jọ ẹni tó bí irú rẹ?" Mo bú u. Mo bú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí kò lọ̀. Mo bú ẹni tó gbà á síṣẹ́. O bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn mi, mo sì bú u pé òun ló pa ọ́ lẹ́kún. Ó pa fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ dé, ó rọra dìde, ó jáde. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ ló wá wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Ìyá, fáìlì gọ́tà yín ló ń kà yẹn. Òun ló fẹ́ wá wò ó lọ́la."

Kò wá. Èmi náà kò lọ bẹ̀ ẹ́, orí mi le jù. Múínátù, o jọ mí níbẹ̀. Mo ti rí bí imú rẹ ṣe ń fẹ̀ bí ẹnìkan bá já ọ kulẹ̀. Òótọ́ korò tán fúnra rẹ̀, má tún fún omi jogbo sí i. Bí ará Àbújá kan bá rẹ́rìn-ín nígbà tí o bá sọ pé iṣu ń mí, bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí o wá ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí o ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ rẹ. Lẹ́yìn náà, tún un sọ. Iṣu atẹnumọ́rọ̀ kì í jóná.

Èyí tó kàn, ti Alhájì ni. Má kà á sí ọ̀tá. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé, ó gbé ṣúgà páálí kan lọ́wọ́. O mọ̀ pé èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ta iṣu kí òun tó di oníṣòwò ìrẹsì àti alága ẹgbẹ́. Ó jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí.

"Ìyá, ẹ bá mi bá Múínátù sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣu yẹn, kí ó fi sílẹ̀ ná. Ilé onírin ni wọ́n fẹ́ fún wa. Bí a bá ń ráhùn, wọ́n lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn."

Mo ní, "Ta ló ń ráhùn? Ṣé ẹni tó ní òun ò rí ẹran nínú ọbẹ̀ ló ní kí wọ́n da ọbẹ̀ nù?"

"Ìyá, 'iṣu ń mí' kọ́! Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní Àbújá."

"Ìrẹsì tìrẹ kì í mí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì tèmi ti kú tipẹ́ kó tó dé Ìlọrin."

Mo ní, "Sààdù, iṣu tó ń mí ló rán ọ níléèwé. Gbé ṣúgà rẹ."

Kò gbé e. Kò sì bínú. Ó wá sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, wọn ò tíì ní kí n fèsì sí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀." Mo wò ó, mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fáànù. Nítorí náà, lọ bá a nílé kí Àlàmísì tó dé. Ka ìwé náà fún un bí o ṣe fẹ́ kà á, láìyọ ọ̀kankan kúrò. Sọ fún un pé bí o ṣe máa kà á nìyí. Má jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní gbangba. Bí ó bá gbà, ẹ jọ lọ. Bí kò bá gbà, o kò dà á, o ti sọ fún un. Òun ló sì gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí àwọn kan ń sọ pé obìnrin kò lè ṣe akọ̀wé àwọn Alhájì. Oore kì í gbé. Àmọ́ oore kọ́ ni òkúta tí a fi ń dí ẹnu.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ìwọ náà á máa rò ó pé bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ńkọ́. O fi iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí èyí. N kò lè sọ pé wọn ò ní gbà á. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi tí mo dàgbà sínú ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó pàdánù iṣẹ́ á tún rí òmíràn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà, ó ti lé lógójì ọdún, n kò tíì rí i pọ̀. Yàrá rẹ wà nílé. Ìyá kan kò tíì kọ ọmọ tó sọ òótọ́, bí ó bá sì wà, kì í ṣe ní ẹ̀yìn Ìpàtá.

Má tún rò pé nítorí mi ni. Bí n kò bá sí mọ́, òjò á ṣì máa rọ̀, iṣu á ṣì máa dé láti Òkè-Oyì lórí ọ̀kadà àti nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọdébìnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ ọjà báyìí á ṣì máa jí wá bá iṣu tó ti rà. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá nínú ìwé tó nípọn tó ìrọ̀rí. Ọlọ́hun ló mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni ìlà náà bọ́ sí. Bí mo bá ń rò ó, orí mi á wú, omi á sì bọ́ lójú mi. Ọmọ oníṣu! Ìjọba tó tóbi tó yẹn dúró, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?" Wọ́n wá ní kí ìwọ dáhùn.

Wọ́n fún àwa oníṣu ní ìjókòó mẹ́ta ní gbọ̀ngán náà. Èmi ń bọ̀, Ìyá Sùlé ń bọ̀. Iwájú la máa jókòó sí, nítorí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mo mọ ọ́: bí o bá wọlé tí o rí mi, o ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọ kan kò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìkí mi rí. Ọkọ rẹ pàápàá, mo dá a padà sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, tí àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Àlàmísì, mo yọ̀ǹda rẹ. Má kúnlẹ̀ fún mi. Má pe orúkọ mi. Má wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Gba iwájú mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, lọ dúró níbi tí wọ́n ní kí o dúró sí, kí o ṣí ìwé, kí o bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mo bí ọ,
Ráfátù.